Oyè Ọ̀mọ̀wé àti Ẹ̀jẹ̀ Ẹlẹ́jẹ̀

Ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti mọ̀ pé àìsàn a máa bá ìran rìn. Ìdí nìyí tí ìgbéyàwó kì í fi í wáyé láyé àtijọ́ láìṣe ìwádìí. Alárinà tàbí àwọn àgbà ilé yóò fọgbọ́n béèrè bóyá wèrè, wárápá tàbí ẹ̀tẹ̀ ń bẹ ní ìdílé àfẹ́sọ́nà. Ohun méjì ni ó yẹ kí a kíyè sí nípa ìwádìí yìí. Èkíní, ẹni tí ó ṣe é kò ṣe é fún ara rẹ̀. Èkejì, dandan ni kí ó padà wá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Alárinà tí ó lọ tí kò padà wá ròyìn, kò ṣe iṣẹ́ alárinà.

Lóde òní, ìwádìí lórí àìsàn ti di ohun tí a fi ń gba oyè ọ̀mọ̀wé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá oyè yìí nínú ìmọ̀ bí àìsàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara ọmọ ènìyàn kò lè fi ìwé kíkà nìkan ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ni yóò fi ṣiṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá parí, òun ni a ó máa pè ní Ọ̀mọ̀wé. Orúkọ ẹlẹ́jẹ̀ kò ní sí nínú ìwé náà, kò sì yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ìbéèrè mi nìyí: gbèsè wo ni ọ̀mọ̀wé jẹ ẹlẹ́jẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2002, iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n pè ní International HapMap Project bẹ̀rẹ̀, láti mọ ibi tí ohun àjogúnbá inú ara ènìyàn ti yàtọ̀ síra. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 270 ni wọ́n lò, láti Utah ní Amẹ́ríkà, Beijing ní Ṣáínà, Tokyo ní Japan, àti Ìbàdàn. Yorùbá 90 ni ti Ìbàdàn: baba, ìyá àti ọmọ, lọ́nà ọgbọ̀n. Wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀. Wọn kò so orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kódà, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ju èyí tí wọ́n lò lọ, kí ẹlẹ́jẹ̀ fúnra rẹ̀ má baà mọ̀ bóyá tirẹ̀ ni wọ́n lò. Láti 2005 tí àbájáde àkọ́kọ́ ti jáde, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò dé Nàìjíríà rí lè jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù kí ó fi ohun tí ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn sọ gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Àwọn tí ó ṣètò iṣẹ́ náà kìlọ̀ pé 'Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà' ni kí a máa pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí, kí a má ṣe sọ wọ́n di aṣojú gbogbo Áfíríkà. Ìkìlọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò mọ ààlà ìlú. Ẹ jẹ́ kí a wo Akínmọ̀ọ́rìn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijió, láàrin Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Bí ẹnikẹ́ni láti ibẹ̀ kò tilẹ̀ sí nínú àwọn 90 náà, ohun tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá sọ nípa ìran Yorùbá lè kan ará Akínmọ̀ọ́rìn pẹ̀lú.

Àpẹẹrẹ kan nìyí. Ní 2010, àwọn onímọ̀ rí i pé oríṣi àjogúnbá kan tí wọ́n ń pè ní APOL1 ń dá kún ewu àìsàn kíndìnrín fún ẹni tí ó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ baba àti ìyá. Lára àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Nígbà tí wọ́n wo ti Yorùbá Ìbàdàn, ó wọ́pọ̀ níbẹ̀. Wọn kò rí i lára àwọn tí ó jẹ́ ìran Yúróòpù. Àjogúnbá kan náà yìí ni ó ń gba ara lọ́wọ́ irú àìsàn oorun kan tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ó jọ pé ohun tí ó gba baba ńlá là ni ó ń pa ọmọ-ọmọ lára.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá sí Akínmọ̀ọ́rìn láti ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, yóò mú ìwé ìfọwọ́sí dání. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ a máa dé ọ̀dọ̀ àwa olùkọ́ èdè pé kí a túmọ̀ rẹ̀. Ibi abẹ́rẹ́ àti ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ kì í ṣòro. Ibi tí ó ti ń le ni ibi tí ìwé ti sọ pé ẹlẹ́jẹ̀ kò ní rí èrè gbà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ yóò pọ̀ sí i. Gẹ̀ẹ́sì lè jẹ́ kí ìmọ̀ dá dúró bẹ́ẹ̀ láìní ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Onítumọ̀ Yorùbá ní láti béèrè pé: ta ni yóò mọ̀ ọ́n?

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí ó fọwọ́ síwèé ti yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. N kò gbà. Ìfọwọ́sí ń jẹ́rìí pé a kò jà á lólè. Kò jẹ́rìí pé a ti dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ní ewu ń bẹ nínú ìròyìn ni ó wúwo jù. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó jogún APOL1 yìí lọ́nà méjèèjì ni àìsàn kíndìnrín kò ní mú láéláé. Bí a bá sì dárúkọ ọmọbìnrin kan ní ìlú kékeré, àwọn tí ń ṣe ìwádìí ìgbéyàwó yóò gbọ́, àwọn àbúrò rẹ̀ kò sì ní bọ́ nínú rẹ̀. Àṣà tí ó ní kí a padà wá ròyìn náà ni ó kọ́ wa pé ìròyìn lè tú ilé.

Babaláwo ti mọ bí a ṣe ń rìn ín. Bí ó bá dífá fún ènìyàn, kì í gbé ohun tí Ifá wí lọ sílé, kì í sì í kéde rẹ̀ lọ́jà. Ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ ọ́ fún, pẹ̀lú ẹbọ tí yóò rú. Ohun tí ó bá kan ẹnìkan, kí a sọ ọ́ fún un ní kọ̀rọ̀, bí ó bá fẹ́ gbọ́, pẹ̀lú ohun tí ó lè ṣe: kí ó máa lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó máa yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ohun tí ó bá kan ìlú, kí a sọ ọ́ fún ìlú láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn 90 ti Ìbàdàn kò ṣeé fi orúkọ wá mọ́. Ìlú ni ó kù tí a lè san gbèsè wọn fún. Ojú ewé méjì ní Yorùbá, tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ kà sétí ìgbọ́ àwọn ènìyàn ní ààfin tàbí ní ilé ìwòsàn, kò pọ̀ jù fún ẹni tí ó ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ odidi ìwé.

Nítorí náà, kí àwọn olùdánwò tó fi oyè dá akẹ́kọ̀ọ́ lọ́lá, ó yẹ kí wọ́n bi í ní ìbéèrè kan sí i: kí ni o padà lọ sọ fún wọn? Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìròyìn ni ọpẹ́ ọ̀mọ̀wé.