Ẹ̀bi àti Ojúṣe Nídìí Àwo Ẹ̀bà

Bí a bá ní kí ènìyàn dín oúnjẹ kan kù, ǹjẹ́ ohun tí a ń sọ fún un ni pé àjẹjù ló kó bá a? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ilé ìdáná lásán, ibi tí ó sì ti le jù ni ọ̀rọ̀ obìnrin tí ó ní PCOS, ìyẹn àìsàn tí kì í jẹ́ kí ẹyin obìnrin gbó bí ó ṣe yẹ, tí nǹkan oṣù a máa ṣe ségesège, tí irun lè hù sí àgbọ̀n, tí oyún sì lè pẹ́ kí ó tó dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nínú 100 obìnrin tí ó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, láti 6 dé 13 ni ó ní i, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀.

Orúkọ àìsàn náà pàápàá (polycystic ovary syndrome, ìyẹn àìsàn ilé-ẹyin oníkókó púpọ̀) ń ṣi ni lọ́nà, nítorí àwọn ohun róbótó tí àwọn dókítà Stein àti Leventhal ṣàpèjúwe ní Chicago ní ọdún 1935 kì í ṣe kókó àrùn bí kò ṣe àpò ẹyin kéékèèké tí kò ráyè dàgbà. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin, ínsúlínì wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, èyí tí í ṣe kọ́kọ́rọ́ tí ara fi ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀: bí ilẹ̀kùn bá ń ṣorí kunkun, ara a tú ínsúlínì sí i jáde, àpọ̀jù rẹ̀ a sì mú kí ilé-ẹyin máa pèsè họ́mọ́ònù tí ó yẹ kí ó pọ̀ lára ọkùnrin. Ìdí nìyí tí oúnjẹ afúnnilókun, bí ẹ̀bà, fùfú, ìrẹsì àti búrẹ́dì, fi wọ ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé inú wọn ni ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ti ń wá jù. Síbẹ̀, orí kunkun yìí a máa wà lára obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé, èyí tí ó fi hàn pé wọ̀bìà kọ́ ni ó bí i.

Ojú tí a fi ń wo ìsanra pàápàá kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Ní Okrika, tí kò jìnnà sí Port Harcourt, ayẹyẹ Iria a máa mú àwọn ọmọbìnrin wọ inú ilé, a bọ́ wọn títí wọn yóò fi sanra dáadáa, a ya ọnà sí ara wọn, kí a tó mú wọn jáde fún aráyé rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti dàgbà. Ẹran ara tí ó jẹ́ iyì níbẹ̀ ni òṣùwọ̀n ilé ìwòsàn ń kà sí ewu, ṣùgbọ́n ohun kan pa àwọn méjèèjì pọ̀: wọ́n ń ka ara obìnrin bí ẹni ka ìwé, wọ́n sì ń fi ohun tí wọ́n kà níbẹ̀ ṣèdájọ́ rẹ̀.

Ìsìn náà kò gbẹ́yìn nínú ìkàwé yìí. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 400 pé Ọlọ́run ti kọ́ òun láti máa jẹun bí ẹni ń lo oògùn, ó sì jẹ́wọ́ pé ó ṣòro láti mọ̀ bóyá àìní ara ni ó ń béèrè tàbí adùn ẹnu. Ìjẹ́wọ́ yìí wúlò ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lórí ọ̀kánjúwà lọ, nítorí pé bí ẹni mímọ́ kan kò bá rí ààlà náà kedere nínú ara tirẹ̀, ta ni yóò rí i nínú ara ẹlòmíràn?

Èrò Yorùbá lórí orí àti ẹsẹ̀ lè la ìyàtọ̀ ẹ̀bi àti ojúṣe yé ni. Orí ni ìpín tí ènìyàn bá wá sáyé, tí kò sí ẹni tí í bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ìgbìyànjú, ìtàn Ifá sì sọ pé nígbà tí àwọn Orí pe ìpàdé láìpe Ẹsẹ̀, ìpàdé náà kò yọrí sí nǹkan kan. Ara tí ínsúlínì kò ráyè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ jẹ́ ti orí, ìwọ̀n ẹ̀bà jẹ́ ti ẹsẹ̀. Ẹ̀bi ń wo ẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tí ó ṣẹ̀. Ojúṣe ń wo iwájú, ó sì lè já lé ẹni tí kò ṣẹ̀ rárá lọ́wọ́, bí ọmọ ṣe ń san gbèsè tí bàbá jẹ sílẹ̀.

Ojúṣe náà kò sì tó ohun tí àwọn olóògùn ìfọ́nnu ń sọ. Ìlànà àgbáyé tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní ọdún 2023 kò rí ẹ̀rí pé irú oúnjẹ kan borí òmíràn fún PCOS, nítorí náà kò sí ìdí tí obìnrin Port Harcourt yóò fi kọ oúnjẹ ìlú rẹ̀ sílẹ̀. Òkèlè rẹ̀ lè kéré, kí ẹja, ìṣáwùrú àti ẹ̀fọ́ inú ọbẹ̀ pọ̀ sí i. Bọ̀lì tí kò pọ́n jù, tí a fi ẹja jẹ níbẹ̀, kì í sáré di ṣúgà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n rọ̀.

Ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ní àìsàn yìí ni ó ń bímọ, àwọn mìíràn pẹ̀lú oògùn. Ojúṣe sì kan àwọn ẹlòmíràn náà: kí olùdarí ìjọ tí ó bá fẹ́ pàṣẹ ààwẹ̀ fún obìnrin tí ń wá ọmọ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti rí dókítà, àti oògùn tí ó ń lò.