Àṣẹ Lórí Ọ̀rọ̀ Tí Ó Ti Kúrò Lẹ́nu

Oríkì agbo ilé kì í ṣe àṣírí ní Òkukù. Gbangba ni àwọn obìnrin ilé ti ń kì í, níbi ìyàwó àti níbi òkú, tòun ti ọ̀rọ̀ tí kò dùn mọ́ onílé nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń kì í mọ ojú ẹni tí ń gbọ́. Karin Barber, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá wọn gbé láàárín ọdún 1970 sí 1980, kó púpọ̀ nínú oríkì wọ̀nyí sínú ìwé tí ó jáde ní 1991. Òun ní tirẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n. Olùgbọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta kókó. Ǹjẹ́ ẹni tí a gbà láyè láti gbọ́ ti gba àyè láti gbé e fún ẹlòmíràn bí?

Ìbéèrè yìí ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti 2016 ni Mastodon ti wà, àwùjọ tí kò ní olówó kan ṣoṣo. Ilé kéékèèké ni ó pọ̀ níbẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ní báálé àti òfin tirẹ̀, wọ́n sì ń ránṣẹ́ sí ara wọn, gẹ́gẹ́ bí Ìkìrun, Inísà àti Òkukù ti ní ọba lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí ọ̀nà sì so wọ́n pọ̀. Ní ìparí 2023, Meta, iléeṣẹ́ tí ó ni Facebook, bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà láti Threads, ọjà ńlá tirẹ̀, wọ inú àwùjọ náà. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ Inísà kan sọ nínú ilé kékeré wá lè dé ibi tí àṣẹ báálé rẹ̀ kò dé. Bí ó bá pa á rẹ́, ìkéde ìparẹ́ yóò tẹ̀lé e lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó lè fi ipá mú ilé mìíràn láti gbọ́ ìkéde. Ẹyin lohùn.

Àwọn kan yóò ní ẹni tí ó sọ̀rọ̀ lọ́jà kò lè máa wá bòńkẹ́lẹ́. Àròyé yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bí ó ti dún. Ará ọjà a máa gbàgbé; kò sì sí aláta tí ń kọ ẹni tí ó kí ẹni sílẹ̀ lójoojúmọ́. Iléeṣẹ́ tí ìpolówó ọjà ń bọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí ènìyàn fẹ́ràn àti ẹni tí ó ń bá rìn ni ó fi ń mọ ọjà tí yóò polówó fún un. Ní 2023, ọ̀pọ̀ báálé jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn yóò ti ìlẹ̀kùn mọ́ Meta. Àwọn mìíràn ṣí i sílẹ̀. Lóòótọ́, ará ilé lè ti yàrá tirẹ̀, bí ó bá mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà wà ní ṣíṣí. Ẹni tí kò mọ̀ ńkọ́?

Nàìjíríà kò sùn lórí ọ̀ràn yìí. Òfin ìdáàbòbò dátà jáde ní 2023. Ní oṣù Keje 2024, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń jà fún oníbàárà bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta nítorí ọ̀nà tí ó gbà ń lo ìsọfúnni nípa àwọn tí ó wà lórí WhatsApp. Ìgbìmọ̀ onídàájọ́ sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹrin 2025. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lórí WhatsApp ti bá Meta ṣe àdéhùn, ì báà tilẹ̀ jẹ́ èyí tí kò kà. Ọmọ Inísà inú ilé kékeré kò bá a ṣe àdéhùn kankan rí. Báálé rẹ̀ nìkan ni ó gbà láyè.