Imú Ló Ń Ṣáájú

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í fò kọjá ọgbà. Imú ni yóò kọ́kọ́ yọ wọlé, kí ara tó tẹ̀ lé e.

Bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò yíyà ṣe ń wọ ilé ẹni tó ti ń fi aṣọ rírán àti ewébẹ̀ ẹ̀yìnkùlé najú. Ó kàn fẹ́ fi fóònù ya tẹ̀tẹ̀ tó hù ni. Láìpẹ́, ó ń jí wo bí oòrùn àárọ̀ ṣe ń bà lé ewé. Inú mi ń dùn sí irú ìwọlé wẹ́rẹ́ yìí, torí abẹ́rẹ́ kò ní láti jáde kí kámẹ́rà tó ráyè.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún J.D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà: ó ra kámẹ́rà Brownie lọ́dún 1950, aládùúgbò rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìlò rẹ̀. Ó di 1968 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì tó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká.