Ẹ Bi Òun Fúnra Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ kíkà: Jòhánù 9



Gbogbo wa la mọ ìtàn ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, tí Jésù fi amọ̀ pa lójú, tó sì rán an lọ wẹ̀ ní adágún Sílóámù. Orí ìwòsàn náà la sábà máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà, kí ẹ wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ gba orí ọkùnrin yìí kọjá. A kò kà á pé àwọn ọmọ-ẹ̀yìn kí i. Olúwa ni wọ́n bi pé ta ló dẹ́ṣẹ̀, òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń jiyàn bóyá òun ni tàbí òun kọ́, bẹ́ẹ̀ ó dúró níbẹ̀, ó ń wí pé òun ni. Àwọn Farisí ránṣẹ́ pe bàbá àti ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù sínágọ́gù ń ba àwọn yẹn, wọ́n ní ọmọ àwọn kì í ṣe ọmọdé mọ́, kí wọ́n bi òun fúnra rẹ̀. Ojo ló sọ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà.

Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń rí i. Ọmọbìnrin ọlọ́dún 19 wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Ẹsẹ̀ ni kò gbé e, orí rẹ̀ pé. Síbẹ̀ ìyá tó tì í wọlé ni wọn yóò bi pé, “Ibo ló ń dùn ún?” Nínú ìjọ ńkọ́? “Ẹ kú ìsìn o, Màmá Bọ́lá. Bọ́lá ńkọ́?” Bẹ́ẹ̀ Bọ́lá ń wò wá lójú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti ń fá irùngbọ̀n, nítorí pé ahọ́n rẹ̀ wúwo, a ó mú un lọ jókòó ti àwọn ọmọdé kó máa kun àwòrán ọkọ̀ Nóà. Ta ló bi í bóyá ó fẹ́ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin?

Ìbéèrè àwọn ọmọ-ẹ̀yìn náà kò tíì kúrò lẹ́nu wa: kí ni ìyá rẹ̀ ṣe? Olúwa ti dáhùn ní ẹsẹ kẹta pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọn kan ṣì ń sá fún itọ́ ẹni tí wárápá gbé ṣubú. Wárápá kì í ràn, ẹ̀yin ará. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Tí gìrì náà bá ti dáwọ́ dúró, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì dúró tì í. (“Aláàbọ̀ ara” tí a ń pè wọ́n pàápàá kò dùn mọ́ wa. Ta ni Ọlọ́run dá ní àbọ̀?)

Òfin ti ṣáájú wa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Ẹ́ńgílàndì àti Wales, òfin ọdún 2005 ní ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún 16, kí á gbà pé ó lè pinnu ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, àfi tí ẹ̀rí bá fi hàn pé kò lè ṣe é. Kí á sì kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́ títí dé ibi tó bá ṣeé ṣe. Òfin ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ ṣe àtúnṣe tó bójú mu kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́. Láti ọdún 2014, ètò ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ ní Ẹ́ńgílàndì lè dé ọdún 25, ọ̀dọ́ náà fúnra rẹ̀ sì lè béèrè fún un. Àwọn òbí kan láàárín wa kò jẹ́ béèrè, nítorí kí ni ayé yóò wí. Ayé kọ́ ni yóò bá ọmọ náà wá iṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n lé ọkùnrin yẹn síta, Jésù wá a kàn. Kò bi ìyá rẹ̀. Òun gan-an ló bi ní ìbéèrè nípa ìgbàgbọ́, ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ìkórè ń bọ̀. A ó gbé ìwé àwọn tí yóò ka ẹ̀kọ́ yí ká lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá wọn kọ orúkọ. Ẹ fún wọn ní bírò. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá wúwo, a ó dúró dè é títí yóò fi kà á tán.