Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Fi Oyin Ṣe Ẹlẹ́rìí?

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin olùkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, ní oṣù yìí: bí ẹ̀dá kékeré kan bá ń jẹ́rìí fún wa nípa ohun tí a ti bà jẹ́, gbèsè kí ni a jẹ ẹ́?

Orúkọ Ìdí-Àràbà kò fi ara rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni: ìdí igi àràbà ni. Ihò ara irú igi ńlá bẹ́ẹ̀ ni oyin fẹ́ràn láti fi ṣe ilé. Nísinsìnyí tí ilé ti gba ipò igi, inú àjà àti ihò ògiri ni wọ́n ń wá bà sí. Bí wọ́n bá sì dé, epo àti iná ni a fi ń pàdé wọn. Ọwọ́ àwa tí a ń kọ èyí kò mọ́ nínú ọ̀ràn náà, nítorí a ti di àtùpà mú rí fún ẹni tí ń sun wọ́n ní òru, a sì rò pé iṣẹ́ rere ni a ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ kòkòrò yìí. Ó lè fò tó kìlómítà 3, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti wá òdòdó. Irun wẹ́wẹ́ ni ó bo ara rẹ̀, eruku inú afẹ́fẹ́ a sì máa lẹ̀ mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí lẹ́búlẹ́bú òdòdó ti ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ń fa omi nínú gọ́tà, ó ń gba oje lára igi, gbogbo rẹ̀ ni ó sì ń kó wálé. Nítorínáà, ẹni tí ó bá yẹ oyin wọn àti ìda wọn wò yóò mọ ohun tí ó wà ní àyíká wọn.

Ní Vancouver, ní Kánádà, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2019: oyin àárín ìlú àti ẹ̀bá èbúté ní òjé nínú ju ti ìgbèríko lọ. Ní ọdún kan náà, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, iná jó ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame ní Paris, òjé tí a fi bo òrùlé rẹ̀ sì bá èéfín lọ. Nígbà tí ó di oṣù keje, àwọn ilé oyin tí afẹ́fẹ́ gbé èéfín náà gba orí wọn kọjá ti jẹ́rìí sí i. Ẹ kíyèsí i pé oyin ìlú méjèèjì kò tíì di májèlé fún ẹni tí ó lá a. Àmì dé kí àìsàn tó dé.

Àwọn awakùsà Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe ohun tí ó jọ èyí ṣáájú. Ẹyẹ kékeré tí a ń pè ní canary ni wọ́n ń gbé wọ inú ihò èédú, nítorí afẹ́fẹ́ olóró a máa dá a wólẹ̀ kí ó tó dá ènìyàn wólẹ̀. Ní 1986 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pinnu láti fi ẹ̀rọ rọ́pò rẹ̀. Ohun kan wà nínú ìtàn náà tí ó wù wá: wọ́n ṣe àgò kan tí ó ní ìgò ọ́síjìn lórí, pé bí ẹyẹ bá ṣubú, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn àgò, kí wọ́n sì tú atẹ́gùn náà sí i títí yóò fi sọjí. Ẹni tí ó ṣe àgò yẹn mọ̀ pé òun jẹ ẹyẹ ní gbèsè.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀ràn oyin yàtọ̀, pé kò sí ẹni tí ó gbé e sínú ihò, òdòdó ni ó bá tirẹ̀ lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó da òjé sórí òdòdó? Awakùsà gbé ẹyẹ lọ bá ewu. Àwa gbé ewu lọ bá oyin. Lójú tiwa, gbèsè tiwa ni ó wúwo jù. A kò sì lè san án ní owó. Ohun tí a lè ṣe ni kí a gbọ́ ẹ̀rí náà, kí a sì ṣe ohun tí ó béèrè. Ẹni tí ó rí òjé nínú oyin tí ó sì ká ìwé rẹ̀ sílẹ̀, kò sàn ju ẹni tí ó jí afárá lọ.

Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òjé fi wà nínú pẹtiróòlù tí ọkọ̀ ń jó ní ìgboro wa. Nígbà tí 2006 fi wọlé, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà ní gúúsù Sàhárà ti yọ ọ́ kúrò.

Níbi tí a kò bá ti bi ẹ̀dá kékeré léèrè, ọmọ ènìyàn ni ó ń di ẹlẹ́rìí. Ní 2010, ní Zamfara, àwọn òbí tí kò mọ̀ ń lọ òkúta wúrà nínú agbolé wọn. Òjé wà nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ sì pa ọmọ tí kò dín ní 400. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ni a yẹ̀ wò kí a tó mọ̀.

Láti 1962 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó ti wà ní Ìdí-Àràbà, nítorínáà àwọn tí ó mọ ohun tí òjé ń ṣe lára ọmọ kò jìnnà sí wa. A ti pinnu láàárín ara wa pé bí oyin bá tún bà sí àjà ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń ṣiṣẹ́, a kì yóò gbé epo. A ó ránṣẹ́ pe ẹni tí ń sin oyin kí ó kó wọn lọ sínú àpótí, a ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó fi ìda díẹ̀ sílẹ̀, kí a lè gbé e lọ bá wọn.