Ilẹ̀kùn Ṣíṣí Nìkan Kò Tó

Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ǹjẹ́ a ti ṣe òdodo tán? Àwọn mìíràn a máa wí pé, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́, kí ó wọlé. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń bẹ níbẹ̀ tí ìran wọn ti Mẹ́síkò wá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kò tì mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nílé ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sí ẹni tí ó dé ibẹ̀ rí. Ta ni yóò sọ ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí wọ́n yàn fún wọn, tàbí ìgbà tí a ń kọ̀wé béèrè owó ìrànwọ́? Àlejò l'ójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Nítorí náà ni a ṣe dá ètò kan sílẹ̀ ní 1981 ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Chabot, ní ìlú Hayward. Puente ni orúkọ rẹ̀, èyí tí í ṣe afárá ní èdè Spéìnì. Olùkọ́ ń kọ́ wọn bí a ti í kọ àròkọ. Agbaninímọ̀ràn ń fi ọ̀nà yunifásítì hàn wọ́n. Àwọn àgbà tí wọ́n ti kàwé já sì ń fà wọ́n mọ́ra. Ṣáájú èyí, ní 1972, ìjọba ilẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ètò CAMP fún àwọn ọmọ alágbàṣe oko tí ń ṣí kiri tẹ̀lé ìkórè, kí ọdún kìíní ní kọ́lẹ́ẹ̀jì má baà ṣẹ́gun wọn.

Ṣé ojúsàájú kọ́ ni èyí? Rárá. Afárá kì í gbé ẹnikẹ́ni rìn. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni olúkúlùkù fi ń kọjá. Ọmọ amòfin ti ní afárá tirẹ̀ nílé: bàbá rẹ̀ ni. Puente pàápàá kò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ìran mìíràn.

Ìwé wà lọ́wọ́ ìwẹ̀fà ará Etiópíà, ó sì ń kà á; síbẹ̀ kò yé e, títí Fílípì fi gòkè sínú kẹ̀kẹ́ tí ó sì jókòó tì í.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tí kì í béèrè ọ̀rọ̀ lè má ṣe ọ̀lẹ; bóyá kò mọ ohun tí a ń béèrè ni. Ẹ jẹ́ kí a tọ̀ ọ́ lọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tí ó bá sì ti kọjá afárá, kí ó má gbàgbé àwọn tí ó kù ní òdìkejì odò.