Níbo Ni Ìhámọ́ra Rẹ Ti Ṣí Sílẹ̀?

Ka: Éfésù 6:10-20, 1 Àwọn Ọba 22:29-38
Àkọ́sórí: Éfésù 6:14

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí àwọn ará Éfésù nípa ìhámọ́ra Ọlọ́run, ẹlẹ́wọ̀n ni. Òun fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ 20. Ó mọ ohun tí ọmọ ogun ń wọ̀, ó ti rí i lára àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Àwa kò rí irú rẹ̀ lóde mọ́. A máa ń pariwo nínú àdúrà òwúrọ̀ pé a ti gbé ìhámọ́ra wọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ bí ohun tí à ń dárúkọ ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí a wo díẹ̀ nínú àwọn tó ṣẹ́kù láyé lónìí.

Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ní ọdún 1974, àwọn àgbẹ̀ tó ń gbẹ́ kànga nítòsí ìlú Xi'an ṣèèṣì kan àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ibojì ọba ńlá kan, Qin Shi Huang, ẹni tó kú ní 210 ṣáájú ìbí Olúwa wa. Ọ̀pọ̀ yín ti rí àwòrán wọn. Èyí tí a kì í sábà gbọ́ ni ti kòtò mìíràn tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí níbẹ̀ ní 1998. Ẹ̀wù ogun àti àṣíborí ló wà nínú rẹ̀, òkúta ni wọ́n sì fi ṣe gbogbo wọn! Wọ́n gé òkúta pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, wọ́n lu ihò sí etí rẹ̀, wọ́n wá fi wáyà bàbà so wọ́n pọ̀. Ọ̀kan tí wọ́n tún tò padà ní ègé òkúta tó lé ní 600, ó sì wúwo tó nǹkan bíi kílò 18.

Iṣẹ́ ọwọ́ tó ya ni lẹ́nu ni. Ṣùgbọ́n ohun díẹ̀ tí mo kọ́ ní pólí kí n tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì jẹ́ kí n mọ̀ pé òkúta tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, bí a bá fi kùmọ̀ lù ú, fífọ́ ló máa fọ́. Kò sí jagunjagun tó lè wọ̀ ọ́ lọ sójú ìjà. Wọ́n ṣe é fún òkú ni, kí ọba lè ní ìhámọ́ra nínú sàréè.

Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà kan náà, nínú aṣálẹ̀ Turfan, wọ́n rí òmíràn ní 2013 nínú sàréè ọkùnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 30 ọdún. Awọ ni èyí. Awọ kéékèèké 5,444 àti ńláńlá 140 ni wọ́n rán léra wọn bí ìpẹ́ ẹja. Ó ti lé ní 2,500 ọdún, gbígbẹ ilẹ̀ ibẹ̀ ni kò jẹ́ kó jẹrà. Gbogbo rẹ̀ kò ju kílò 4 sí 5 lọ. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé ẹnì kan lè dá a gbé wọ̀ láìsí olùrànlọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń dúró de ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì kí Pásítọ̀ tó bá wọn gbé ìhámọ́ra wọ̀. Ará mi, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ńkọ́? Pọ́ọ̀lù kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́ fún ọ.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni. Níbí ní Ìdànrè, òkè ni ìhámọ́ra àwọn baba wa. Orí àpáta ni wọ́n ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ní òkè ọya, ìwé ìtàn àwọn ọba Kánò sọ pé Kanajeji, tó jọba ní nǹkan bí 1390 sí 1410, ló kọ́kọ́ mú àṣíborí irin, ẹ̀wù irin àti lifidi wọ ogun ilẹ̀ Hausa. Lifidi ni aṣọ tí wọ́n rán nípọn, tí wọ́n ki òwú sí nínú, kí ọ̀kọ̀ àti ọfà má bàa tètè wọlé sára ẹṣin. Ọ̀kan nínú irú aṣọ ẹṣin bẹ́ẹ̀, láti ilẹ̀ Sudan, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Òwú igi àràbà ni wọ́n kì sínú rẹ̀.

Ní 1823, òyìnbó ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Dixon Denham, dé Bornu. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ẹlẹ́ṣin Al-Kanemi wọ ẹ̀wù irin láti ọ̀fun dé orúnkún. Lọ́dún náà gan-an, ó bá ọ̀gágun wọn, Barca Gana, àti àwọn Lárúbáwá tí Boo-Khaloom jẹ́ olórí fún, lọ sógun ní ìhà Mandara. Ogun ìkónilẹ́rú ni, ẹ jẹ́ ká má fi bò. Àwọn Fúlàní tí wọ́n lọ bá dúró lẹ́yìn ọgbà igi, wọ́n ń ta ọfà olóró. Barca Gana bọ́. Ṣùgbọ́n ẹṣin mẹ́ta ni ọfà bà lábẹ́ rẹ̀, méjì sì kú kíákíá. Ọfà olóró náà ló pa Boo-Khaloom. Denham fúnra rẹ̀, ìhòòhò ló sá wọ inú igbó.

Ta ló ń ta ọfà sí ibi tí irin wà nígbà tí ẹsẹ̀ ẹṣin ṣí sílẹ̀? Áhábù náà wọ ìhámọ́ra tirẹ̀, ó tún pa ara dà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀. Ẹni tó ta á kò tilẹ̀ fojú sùn ún. Àárín ibi tí irin ti pàdé irin ni ọfà náà gbà wọlé, ọba sì kú ní ìrọ̀lẹ́.

Mo fẹ́ kí a fi èyí yẹ ara wa wò ní ìlú kòkó yìí. Ní 2024, owó kòkó lágbàáyé kọjá dọ́là 10,000 lórí tọ́ọ̀nù kan, kó tó tún já wálẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Gbogbo wa la rí ohun tí owó yẹn fojú wa rí. Kòkó tí kò gbẹ ń wọ àpò. Òṣùwọ̀n ń purọ́. Opó kan gbé kòkó rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ arákùnrin kan tó máa ń darí àdúrà, ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń mi ilé bó bá ń bá Èṣù wí. Nígbà tí wọ́n tún kòkó náà wọ̀n níbòmíràn, kílò 6 ló ti sọnù. Obìnrin náà kò wá sí ìpàdé mọ́. Mo lọ bá a nílé. Ó ní, "Pásítọ̀, mi ò bínú sí Ọlọ́run o. Mi ò kàn lè máa ṣe Àmín sí àdúrà ẹni tó ń jí kílò mi ni."

Arákùnrin yìí ní àṣíborí, ó sì ní idà. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ni ìhámọ́ra rẹ̀ ti là. Kíyè sí i pé àmùrè òtítọ́ ni Pọ́ọ̀lù kọ́kọ́ dárúkọ, ṣáájú ìgbàyà, ṣáájú asà, nítorí ọmọ ogun tí kò di àmùrè, aṣọ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àti ìwọ tí o dé ońdè sí abẹ́ síngílẹ́ẹ̀tì wá sí ilé Ọlọ́run nítorí pé baba rẹ wọ gbérí ọdẹ, tí ọta kò sì bà á, ìwọ náà mọ ibi tí tìrẹ ti ṣí sílẹ̀.

Ohun tí o máa ṣe lónìí: Kí o tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, gbé òṣùwọ̀n rẹ lọ wọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹlòmíràn. Bí o bá jẹ ẹnikẹ́ni ní kílò, mọ iye rẹ̀, kí o sì gbé owó náà lọ fún un nílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àdúrà: Baba, fi ibi tí ìhámọ́ra mi ti là hàn mí kí ọ̀tá tó rí i. Fún mi ní ìgboyà láti kan ilẹ̀kùn ẹni tí mo rẹ́ jẹ, kí O sì mú arábìnrin wa padà sí àárín wa. Ní orúkọ Jésù. Àmín.